Ó dún "kẹ́!" kì í ṣe ẹ̀rí: àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá ń so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn pick-up, àti tí a bá ń tú u

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo díẹ̀, ní ti gidi.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ṣe ìnáwó 60 ọdún ní àdúgbò wa ní Ìgàndó. Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí: kánópì ti dí ojú títì, àwọn alásè ti gbé ìkòkò ráìsì kaná lẹ́bàá gọ́tà, DJ ti ń pariwo "one two, one two" látàárọ̀. Kò sẹ́ni tó máa fi ìnáwó sílẹ̀ fún NEPA nìkan, torí náà àwọn ẹbí háyà jẹnẹrétọ̀ ńlá kan, irú èyí tó ní táyà lábẹ́ tí Hilux máa ń fà kiri.

Hilux yẹn fà á dé láti ọ̀nà Ìkòtún láìsí ìṣòro. Ìgbà tó dúró ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò wa dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i, àfi tí òjò bá rọ̀ tí ẹ bá rí ibi tí omi ń ṣàn lọ. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó yọ ìkọ́. Bí ìkọ́ ṣe kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ báyìí, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń rìn, àfi bí ẹni tó ń ṣe fàájì lọ. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti ń sáré. Ọkùnrin mẹ́ta dì í mú, ó ń wọ́ àwọn náà lọ. Ọ̀kan nínú àwọn alásè fa ọmọ rẹ̀ lápá, ó fò sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ gba ibi tí ọmọ yẹn jókòó sí kọjá, ó sì forí sọ gọ́tà.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Gbogbo èèyàn ní "Ọlọ́run ṣeun", àríyá sì tẹ̀ síwájú. Èmi ò lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. Físíìsì ni mò ń kà, fún oyè master's. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo awakọ̀ bó ṣe ń tú ìkọ́, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò

Ká ní jẹnẹrétọ̀ yẹn wọn 1,500 kìlógíráàmù, bíi mọ́tò kan. Ká tún ní ilẹ̀ wa ń lọ sílẹ̀ ní mítà 1 nínú mítà 20. Agbára tó ń fà á lọ sísàlẹ̀ máa jẹ́ ìdá kan nínú 20 ìwúwo rẹ̀. Ẹ pín 1,500 sí ọ̀nà 20, ẹ máa rí 75. Ó dà bí ìgbà tí àpò sìmẹ́ǹtì kan ààbọ̀ bá ń fà á lọ.

Ọkùnrin mẹ́ta lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan ààbọ̀, àbí? Kí ló wá dé tí wọn ò lè dì í mú? Torí pé ó ti ń lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀ ni. Ohun tó wúwo tó dúró yàtọ̀ sí ohun tó wúwo tó ti ń lọ. Èyí tó ti ń lọ, ẹ ní láti gba gbogbo ìrìn tó ti kó jọ kúrò lára rẹ̀ kó tó dúró, ilẹ̀ sì tún ń fi kún un fún un. Momentum là ń pè é nínú físíìsì: ẹ fi ìyára sọ ìwúwo di púpọ̀ ni. Ìwúwo ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyára kékeré ti tó láti dá wàhálà sílẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ lójú títì ńkọ́? Tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá já lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, agbára tó wà lára rẹ̀ tó èyí tó máa ní tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ láti ibi tó ga ní mítà 14. Orí òrùlé ilé alájà mẹ́rin nìyẹn o. Bẹ́ẹ̀, 60 kì í ṣe eré àsápajúdé rárá lọ́nà LASU sí Ìṣẹrí.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù l'Ékòó. Ẹ wo ohun tí pick-up ń fà kiri níbí: jẹnẹrétọ̀ ìnáwó, ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, kọ̀ǹpírésọ̀ tí àwọn tó ń fọ́ títì ń lò, táǹkì omi. Wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn oníṣòwò kọjá ní Ìkòtún, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tí nǹkan bá já níbẹ̀, kò sí àyè tó ṣófo tó lè gbà lọ. Èèyàn ló máa bá.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní tírélà?

Lẹ́nu àwa ará Èkó, ọkọ̀ gàgàrà tó ń gbé kọ̀ntẹ́nà ni tírélà. Àmọ́ lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ, ohunkóhun tó ní táyà, tí kò lè dá rìn, tí ọkọ̀ mìíràn ń fà, tírélà ni. Kékeré yẹn ni mo ní lọ́kàn lónìí. A máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn tó bá yá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà so ó mọ́ pick-up. Àkọ́kọ́, irin róbótó kan bíi bọ́ọ̀lù wà lẹ́yìn pick-up. Irin gígùn tó yọ síwájú lára tírélà ní ẹnu tó máa ń bo bọ́ọ̀lù yẹn mọ́lẹ̀, irin kékeré kan tó dà bí ahọ́n á wá dè é lábẹ́. Ìkejì, òrùka ló wà lẹ́nu tírélà. Wọ́n á ti òrùka yẹn bọ àárín irin méjì lẹ́yìn pick-up, wọ́n á sì ki píìnì bọ̀ ọ́ látòkè.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí a ti ń ṣi í ṣe.

Àṣìṣe 1: bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnu ńlá

Bọ́ọ̀lù kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Àwọn tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni ti íǹṣì 1⅞, ti íǹṣì 2 àti ti íǹṣì 2 5/16. Ti Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Lọ́dọ̀ wa níbi tí tokunbo ti ń wọlé láti apá méjèèjì, kò ṣòro kí ọkọ̀ wá láti ibì kan, kí tírélà wá láti ibòmíràn, kí wẹ́dà àdúgbò sì jó bọ́ọ̀lù tó bá ṣáà rí mọ́ ọn.

Tí ẹnu íǹṣì 2 5/16 bá bo bọ́ọ̀lù íǹṣì 2, ó máa bò ó, ó máa dún "kẹ́!", ó tiẹ̀ máa tẹ̀lé ọkọ̀ lọ jẹ́jẹ́ lójú títì tó dán. Ìyàtọ̀ wọn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 8 lọ. Ẹ jẹ́ kí táyà já sí kòtò kan báyìí, kí tírélà fò sókè: ahọ́n tó wà lábẹ́ ò ní rí nǹkan gidi dì mú. Ó tán nìyẹn. Nọ́ńbà sábà máa ń wà lórí bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń wà lára ẹnu tírélà náà. Ẹ kà á. Tí ìpẹtà bá ti jẹ nọ́ńbà, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Àṣìṣe 2: "irin ṣáà ni irin"

Píìnì ti sọnù. Ọmọ mọ́tò wò ọ̀tún, ó wò òsì, ó mú irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe dẹ́kìn ilé, ó kì í bọ òrùka. Ọkọ̀ ti lọ.

Ẹ rántí ìṣirò róbótó tí wọ́n kọ́ wa ní JSS. Ohun tó ń jẹ́ kí píìnì má gé ni bí ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó tí ẹ bá gé e ní ìbú. Tí píìnì tó yẹ bá jẹ́ mìlímítà 24, tí ẹ wá fi irin mìlímítà 12 rọ́pò rẹ̀, ojú lásán á sọ pé ìdajì ni. Kì í ṣe ìdajì o, ìdá kan nínú mẹ́rin ni! Ìyẹn tí irin méjèèjì bá tiẹ̀ le bákan náà, bẹ́ẹ̀ irin ilé àti irin píìnì kì í sábà le bákan náà. Èyí tó tún burú ni pé irin rọ́ọ̀dù ò ní ibi tí kílíìpù máa ń wọ̀ nísàlẹ̀. Tí ọkọ̀ bá gun bọ́m̀pù, irin lè fò jáde lókè láìjẹ́ pé ó gé rárá.

Àṣìṣe 3: ẹrù pọ̀ jù lẹ́yìn

Èyí ni kò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Fún irú tírélà oníbọ́ọ̀lù báyìí, ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà ni pé kí nǹkan bí 10 sí 15 nínú 100 ìwúwo tírélà jókòó lé bọ́ọ̀lù. Fún 1,500 kìlógíráàmù, ìyẹn jẹ́ 150 sí 225. Ìyókù á wà lórí táyà tírélà fúnra rẹ̀.

Tó bá pọ̀ jù níwájú, ìdí pick-up á wọlẹ̀, iwájú rẹ̀ á fúyẹ́. Táyà iwájú ló ń yà, òun náà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, torí náà ọkọ̀ ò ní gbọ́ràn mọ́. Tó bá wá kéré jù, bí ìgbà tí wọ́n kó kéègì dísẹ̀lì, wáyà àti irin kánópì sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìdí sọ́tùn-ún sósì. Tí eré bá kéré, ìjù náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí eré bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ìjù kọ̀ọ̀kan á máa tóbi ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, títí tí tírélà á fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀.

Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì bá a jà pẹ̀lú sítíárì. Ẹ di sítíárì mú ṣinṣin, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ọ̀tù, ẹ jẹ́ kí eré kú díẹ̀díẹ̀.

Àṣìṣe 4: ṣéènì tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́

Ṣéènì méjì tó wà níwájú tírélà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó yẹ kí wọ́n kọ lábúú ara wọn lábẹ́ irin gígùn yẹn: ti ọ̀tún lọ sósì, ti òsì lọ sọ́tùn-ún. Tí bọ́ọ̀lù bá já, irin náà á ṣubú lé orí ṣéènì, bí ọmọ tó wà nínú ọ̀já ìyá rẹ̀. Tí wọn ò bá kọ lábúú ara wọn, tàbí tí wọ́n ká wọn jọ sórí tírélà, irin máa gún ilẹ̀. Nígbà tí irin bá gún títì lórí eré, tírélà lè ta kìtì. Kí ṣéènì gùn tó kí ọkọ̀ lè yà, kó má sì gùn débi tí á máa wọ́ nílẹ̀.

Àṣìṣe 5: ká tú u láìsí wẹ́ẹ̀jì

Èyí ni tiwa ní Ìgàndó. Ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà: nígbà tí Hilux dúró, hand brake Hilux ló ń dá jẹnẹrétọ̀ náà dúró. Ìgbà tí awakọ̀ yọ ìkọ́, bíréèkì kan ṣoṣo tí jẹnẹrétọ̀ ní ló yọ kúrò.

Torí náà, kí ọwọ́ tó kan ìkọ́, wẹ́ẹ̀jì gbọ́dọ̀ ti wà níwájú táyà àti lẹ́yìn táyà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wẹ́ẹ̀jì gidi ni mo wí o. Ìdajì búlọ́ọ̀kù lè fọ́ sábẹ́ ẹrù. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ẹsẹ̀ jáàkì iwájú tírélà kalẹ̀ kó lè gba ìwúwo. Tí iwájú bá wúwo tí kò sí jáàkì, ẹsẹ̀ èèyàn ni irin máa já lé. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ló wúwo, ńṣe ni irin máa ta sókè lójijì, àgbọ̀n ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló máa bá. Ṣéènì ni kí ẹ tú kẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí sáàárín ọkọ̀ àti tírélà.

Ẹ̀gbọ́n wọn ńkọ́?

Tírélà ńlá tó ń kọjá ní Ìyànà-Ìpájà náà ní ìṣòro yìí. Orí ọkọ̀ àti ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Píìnì ńlá kan tó wà lábẹ́ ara rẹ̀ ló ń wọ inú irin pẹrẹsẹ lẹ́yìn orí, tí eyín irin á wá dì í mú. Tí ara bá ga jù nígbà tí awakọ̀ ń rọ ọkọ̀ sẹ́yìn, píìnì lè gba òkè eyín yẹn kọjá. Ó máa dún, ó sì máa jọ pé ó ti wọlé. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ máa bọ́ sílẹ̀, á tan tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́, á tún fi jíà kékeré fà á wò kó tó lọ.

Kọ̀ntẹ́nà tó wà lórí rẹ̀ náà ńkọ́? Igun mẹ́rin ni wọ́n ti ń dè é, pẹ̀lú irin tí wọ́n máa ń yí ní ìdá kan nínú mẹ́rin òbìrí kan. Keith Tantlinger, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà, ló ṣe irú ìdè yìí ní àwọn ọdún 1950. Tí wọn ò bá yí i, kọ̀ntẹ́nà kàn jókòó lásán ni, bí ẹrù tí aláàárù gbé sórí tí kò fọwọ́ mú. Àjọ FRSC ò yéé pariwo rẹ̀ fún àwọn awakọ̀. Ní Ojúẹlẹ́gba, kọ̀ntẹ́nà ṣubú lu ọkọ̀ jíìpù kan ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, èèyàn 3 kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, òmíràn ṣubú lé bọ́ọ̀sì akérò níbẹ̀ kan náà, èèyàn 9 kú. Àwọn wọ̀nyẹn ò so nǹkan kan mọ́ ọkọ̀ o. Wọ́n kàn ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ ni.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ti wọlé?

Karl Popper, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, kọ́ wa pé tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrò yín dúró, ẹ má wá ohun tó gbè é lẹ́yìn. Ẹ wá ohun tó lè bì í ṣubú. Bọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Ìró "kẹ́!" gbè yín lẹ́yìn, àmọ́ kò dán nǹkan kan wò. Ẹ gbìyànjú láti já a fúnra yín kí títì tó bá yín já a.

Ó rọrùn. Tí ẹ bá ti de ìkọ́ tán, ẹ padà sídìí jáàkì iwájú tírélà, kí ẹ máa wín in bí ẹni fẹ́ gbé irin náà sókè. Tí ìdí pick-up bá ń bá a gòkè, ó ti wọlé. Tí ẹnu bá ń kúrò lórí bọ́ọ̀lù, kò wọlé. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìnáwó, awakọ̀ yẹn padà wá gbé jẹnẹrétọ̀. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ti bá wa gbé e kúrò nínú gọ́tà lálẹ́. Ó rọ Hilux sẹ́yìn, ó sọ ẹnu ìkọ́ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kẹ́! Ó nu ọwọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò dákẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi jáàkì gbé e wò ná."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ṣé o ò gbọ́ ọ ni? Ó ti wọlé. Ọjọ́ wo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí?"

Mo ní, "Mo gbọ́ ọ, sà. Ẹ ṣáà bá mi wín in díẹ̀."

Bóyá torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló ṣe gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wín jáàkì. Ìdí Hilux ò mira. Ẹnu ìkọ́ gbéra kúrò lórí bọ́ọ̀lù bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ìka bọ ẹnu irin náà, ó fa ẹrẹ̀ gọ́tà jáde, ó ti gbẹ, ó sì le bí òkúta. Ẹrẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé tán. Ahọ́n irin ti pa dé sórí afẹ́fẹ́ lásán, òun ló dún kẹ́. A bu omi, a fọ̀ ọ́, ó tún un so, ó tún wín jáàkì. Ìdí Hilux gòkè.

Ó wò mí fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, o ṣeun." Ó kọ ṣéènì méjèèjì lábúú ara wọn, ó sì wà á lọ sí ọ̀nà Ìkòtún, níbi tí ọjà ti ń kún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní pick-up. Èmi náà ò ní. Àmọ́ ẹ máa ń wà níbi ìnáwó, ẹ máa ń wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n fẹ́ tú ìkọ́, ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, wẹ́ẹ̀jì dà?" Tí wọ́n bá so ó tán, ẹ ní kí wọ́n fi jáàkì gbé e wò. Tí nǹkan bá sì ti ṣẹlẹ̀ l'Ékòó, ẹ pe 767 tàbí 112 kíá.

Ó dìgbà kan ná.